Igbá Orí Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọmọ-ọmọ mi ń wo eré kẹ̀kẹ́ nínú tẹlifíṣọ̀n. Ọkùnrin kan tẹ̀ bolẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, aṣọ lẹ̀ mọ́ ọn lára, akoto orí rẹ̀ nírù. Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹ̀rín yẹn.

Nígbà èwe mi, àbúrò bàbá mi fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tọrẹ. Ó ní kí ọmọ òun àti ẹ̀gbọ́n mi gùn ún dé abúlé Kpoulou, kí wọ́n sì padà, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó yára jù gbà á. Èmi ń pa èkùrọ́ títí ẹni tó lọ yóò fi dé. Ẹni tí òkìtì èkùrọ́ tí mo pa fún un bá kéré ló borí.

Ẹ̀gbọ́n mi fi igbá dé orí, ó fi ọ̀já di aṣọ mọ́ra pinpin, ó tẹrí ba kí afẹ́fẹ́ má baà dá a dúró. Ta ló mọ̀ nígbà náà pé bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn?

“Ìjàpá ń bọ̀ o!” ni gbogbo agboolé ń pariwo.

Ó tètè dé. Òkìtì tirẹ̀ kéré. Bí wọ́n ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àbúrò bàbá mi bu ẹ̀kúnwọ́ èkùrọ́ kún òkìtì ẹ̀gbọ́n mi, ó wò mí.

“Ta ló borí, ọmọ mi?”

Mo nawọ́ sí ọmọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fẹsẹ̀ fọ́ igbá náà.

“O rí i, àbí?” ló bi mí.

Mo ní mi ò rí nǹkan kan.