Ọ̀gá Ilé-Ìwé Tó Fi Ijó Dípò Agogo

Màmá Kíákíá ni àwọn olùkọ́ máa ń pè é lẹ́yìn, torí pé ọ̀rọ̀ kì í dọjọ́ kejì lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, obìnrin tó sanra débi pé bó bá fẹ́ jókòó, àga á kọ́kọ́ kígbe.

Lọ́dún tí wọ́n ṣí kíláàsì àwọn ọmọ tó nílò ìtọ́jú àkànṣe síbẹ̀, ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tí ara rẹ̀ ò gba ariwo òjijì. Bí agogo bá ti dún, abẹ́ tábìlì ló ń bá ara rẹ̀, á fọwọ́ di etí, á máa ké. Ìgbákejì ọ̀gá, bàbá kan tí ojú rẹ̀ máa ń le bí ẹni jẹ orógbó, ní kí wọ́n mú ọmọ náà lọ síbòmíràn.

"Ọmọ kan ṣoṣo, mà! Ṣé torí ẹ̀ la ó ṣe da gbogbo ilé-ìwé rú?"

Màmá Kíákíá ní, "Ẹ̀yin nìkan náà lẹ kì í jẹ́ ká ṣí fèrèsé níbi ìpàdé. Ṣé a ti mú yín lọ síbòmíràn?"

Ọjọ́ náà gan-an ló tú agogo kúrò lára igi. Ó wá agboòrùn pupa ńlá kan. Bí ẹ̀kọ́ kan bá parí, á ṣí i, á rìn kọjá níwájú fèrèsé gbogbo kíláàsì láìfọhùn. Bó bá di àkókò àtilọlé, á máa yí i bírí-bírí.

Ó ń bá wọn lọ dáadáa, àfi ọjọ́ tí òjò rọ̀. Alábẹ̀wò láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ló ń wọlé bọ̀ láàárọ̀ kùtù, àbí agboòrùn tòun náà ò tún pupa! Atẹ́gùn gbá a, agboòrùn ń yí bírí-bírí, alábẹ̀wò ń yí tẹ̀lé e. Ni ilé-ìwé bá tú. Àwọn ọmọ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá nínú òjò: "Ó dàbọ̀, sà!" Olùkọ́ ìṣirò ti dé ẹnu géètì kó tó bojú wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Alábẹ̀wò pariwo, "Ta ló ní kí wọ́n máa lọ?"

"Ẹ̀yin ni, sà," ni Màmá Kíákíá dáhùn.

Nígbà tí wọ́n kó àwọn ọmọ padà tán, ó wọ kíláàsì ọmọbìnrin náà lọ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi, agboòrùn ti dójú tì wá o. Kí ni ká wá máa lò?"

Ọmọ náà ò wo ojú rẹ̀. "Ẹ jó kọjá."

"Èmi? Pẹ̀lú ara yìí?"

"Ẹ rọra jó."

Láti ọjọ́ kejì, bí ẹ̀kọ́ kan bá ti parí, Màmá Kíákíá á máa jó kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, jẹ́jẹ́, láìsí ìlù, láìsí orin. Ọkọ rẹ̀ gbọ́ nílé, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi já bọ́ lórí àga. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tó tún wọ abẹ́ tábìlì mọ́, àwọn olùkọ́ náà sì ń tètè parí iṣẹ́ kí wọ́n lè ráyè wòran.

Lọ́jọ́ kan, orúnkún dùn ún, ó ní kí ìgbákejì jó dípò òun. Bàbá náà jó bí ẹni tí èèrùn wọ ṣòkòtò rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò dìde. Wọ́n rò pé nǹkan ló ń ṣe é. Àfi ọmọbìnrin náà tó yọjú lójú fèrèsé.

"Ẹ mi èjìká, sà," ló wí.

Ìgbákejì wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó mi èjìká.