Àmì Kan Tí Mo Pa Rẹ́ Nínú Iṣẹ́ Bùkọ́lá

Ọjọ́ Sátidé tí mo ba iṣẹ́ Bùkọ́lá jẹ́ ni n kò lè gbàgbé láyé mi. Yàrá kan náà la jọ ń gbé ní Àgbowó, físíìsì la sì jọ ń kọ́ ní yunifásítì. Èmi ni mò ń ṣàlàyé iṣẹ́ fún un tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò, òun ni gbogbo ènìyàn ń wá. Mo jowú rẹ̀ gan-an.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bó ṣe wọ ilé ìwẹ̀, mo pa àmì ìyọkúrò kan rẹ́ nínú ìṣirò tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, èyí tó fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ girama ní Bódìjà. Mo wá tẹ̀lé e lọ wòran.

Bọ́ọ̀lù tó yẹ kó já bọ́ lójú kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Inú mi dùn.

Ọmọbìnrin kan dìde, ó tọ́ka sí ìṣirò tó wà lójú kọ̀ǹpútà. "Àǹtí, ẹ gbàgbé àmì ìyọkúrò níwájú òòfà ilẹ̀ tó ń fa bọ́ọ̀lù wálẹ̀."

"O káre! Àṣìṣe mi ni." Bùkọ́lá nàka sí mi. "Àǹtí yín yìí ló kọ́ mi ní àmì yẹn."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. N kò tíì jẹ́wọ́ fún un títí di òní. Mo ṣì ń jowú rẹ̀. Èyí tó wá ń dùn mí jù ni pé kò fura sí mi rárá.