Sítóòfù Tó Jókòó Lábẹ́ Ìkòkò Ẹ̀wà

Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe abọ́ tánńganran ní Ṣàngó-Ọ̀tà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí Sáàpù dé, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó mú kí owó náírà já wálẹ̀. Òkè òkun ni irin tí a fi ń ṣe abọ́ ti ń wá. Bí náírà ṣe ń wálẹ̀ ni irin ń wọ́n sí i, títí ẹ̀rọ tí mo ń darí, èyí tó ń gé irin, kò fi rí nǹkan kan gé mọ́. A jókòó tì í bí ẹni tó jókòó ti aláìsàn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọ̀gá wa dúró sẹ́nu géètì, ó ní kí àwọn tí òun bá nawọ́ sí máa padà sílé, pé bí nǹkan bá dára, wọ́n á ránṣẹ́ pè wá. Ó nawọ́ sí mi.

Ìjù ni mo ń gbé nígbà náà, èmi, ìyàwó mi àti àwọn ìbejì wa, nínú yàrá kan ṣoṣo. Ìkirè ni mo ti wá sí Ọ̀tà, n kò sì fẹ́ padà sí Ìkirè lọ́wọ́ òfo. Mo sọ fún ìyàwó mi pé, "N ò ní dúró sẹ́nu géètì ẹnikẹ́ni mọ́. Ọwọ́ mi mọ irin. Iṣẹ́ ara mi ni màá ṣe."

Ó ní, "Ó dáa. Kí lẹ fẹ́ fi irin ṣe?"

Kò pẹ́ tí mo fi rí èsì ìbéèrè rẹ̀. Kẹrosíìnì ti di ohun tí a ń torí rẹ̀ sùn sórí ìlà. Àwọn obìnrin á to kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ nílé epo láti ìdájí, oòrùn á pa wọ́n, wọn ò sì ní rí rà. Bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ilé ìlagi tó wà ní agbègbè wa, ìyẹ̀fun pákó ga bí òkìtì ọ̀gán, wọ́n kàn ń dáná sun ún dànù ni. Mo ti rí i nílé wa rí pé béèyàn bá ki ìyẹ̀fun pákó mọ́ inú agolo, tó ri ìgò mọ́ àárín rẹ̀, tó wá yọ ìgò náà kí ihò lè wà níbẹ̀, bó bá ti ṣáná sí i, á máa jó lọ pẹ̀lẹ́ láìsí ẹni tó ń fẹ́ ẹ. Mo ní sítóòfù oníyẹ̀fun pákó ni màá máa ṣe.

Ìkánjú ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo lọ ṣa agolo ọ̀dà tí wọ́n ti lò tán, mo gé irin tẹ́ẹ́rẹ́ fún ẹsẹ̀, mo sì fi òjé lẹ ẹsẹ̀ náà mọ́ ìdí agolo. Mo kùn wọ́n ní pupa. Wọ́n dùn ún wò! Mo dáná sí ọ̀kan lẹ́yìnkùlé, iná gbà, mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi, mo sì pa á. Nígbà tí mo kó wọn dé ọjà Ṣàngó, ńṣe ni àwọn obìnrin ń já a gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Mo wọlé lọ́jọ́ náà bí ọkọ ìyàwó.

Ibi òjé yẹn gan-an ni wàhálà wà. Kò sí ọmọdé tó ti dúró lẹ́nu agbẹ̀dẹ rí tí kò mọ̀ pé òjé kì í rí iná kó má yọ́. Èmi náà mọ̀. Ìkánjú ni kò jẹ́ kí n rántí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí wọ agbo ilé wa, ó ru sítóòfù mi sórí. Ó ń ta ẹ̀wà sísè ní Ìyànà Ìyẹsí níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń wọkọ̀, Ìyá Ẹlẹ́wà ni gbogbo èèyàn sì ń pè é. Ó sọ nǹkan náà kalẹ̀ níwájú mi. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló kù lára rẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo ṣe èyí?"

"Èmi ni, Mà."

"Odindi ìkòkò ẹ̀wà mi ló wà lórí ẹ̀, ó sì ti ń rọ̀. Mo kàn rí i tí sítóòfù jókòó, bí àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn. Ìkòkò dojú dé. Ilẹ̀ ló jẹ ẹ̀wà mi."

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ má bínú."

Kò pariwo. Ì bá tiẹ̀ sàn kó pariwo. Ó ní, "Dìde. Ohun kan ni mo fẹ́ bi ọ́. Ìwọ fúnra ẹ, ṣé o ti se nǹkan jẹ lórí ẹ̀ rí?"

Mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn iyẹ̀pẹ̀ aṣọ mi.

"Mo mọ̀," ló wí, ló bá bá tirẹ̀ lọ.

Àwọn obìnrin mìíràn náà ń dá tiwọn padà. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn, mo bẹ̀ wọ́n, mo sì ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá kí ojú má baà tì mí. Nígbà tó yá, mo sọ fún ara mi pé irin tó fẹ́lẹ́ jù ló fà á. Mo lọ wá awẹ́ irin tó nípọn lára ọkọ̀ àkókù kan, mo gbé e fún wẹ́dà, ó jó o pọ̀ dáadáa. Erin ò lè tẹ̀ ẹ́ fọ́. Àmọ́ ẹnì kan ò lè dá a gbé, n kò sì dá ihò sí i nísàlẹ̀ tí afẹ́fẹ́ máa gbà wọlé. Ìyàwó mi gbìyànjú láti fi se iṣu. Èéfín bo gbogbo agbo ilé. Ó jáde síta, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé sítóòfù lẹ ṣe ni, àbí ibojì?"

Àwọn ará ilé rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọra.

Ẹni tó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, ó yẹ kó tú ẹrù orí rẹ̀ wò. Mo jókòó tú tèmi. Ìbéèrè Ìyá Ẹlẹ́wà kò yéé pariwo létí mi. Irin ni mo ń wò látẹ̀yìn wá, n kò wo ẹni tó fẹ́ dáná. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo sọ fún ìyàwó mi pé èmi ni màá máa se oúnjẹ ilé wa.

Ó fọwọ́ kàn mí níwájú orí bóyá ibà ni. Ó ní, "Ẹ̀yin kẹ̀?"

"Èmi ni."

Bí mo ṣe di alásè nìyẹn. Mo se ògì, mo se iṣu, mo yí ọkà. Bí àwọn ọkùnrin bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Ẹ kú ìdáná o, Ìyá Ilé!" Èmi náà á ní, "Ẹ ṣeun, ẹ wá jẹun." Ẹ̀yìn mi tó ń ro mí ló sọ fún mi bó ṣe yẹ kí sítóòfù ga tó. Ọwọ́ tó jó mi ló ní kí n fi amọ̀ tẹ́ inú rẹ̀. Nígbà tí mo ń ro ọkà tí ìkòkò ń yí kiri, mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ yà síta. Èéfín ló kọ́ mi ní ihò ìsàlẹ̀, pẹ̀lú ìlẹ̀kùn kékeré tí èèyàn lè fi dín iná kù. N kò lo agolo ọ̀dà mọ́, irin àgbá epo ni mo ń lò. N kò sì lẹ nǹkan kan mọ́ nǹkan kan: mo ká etí irin mọ́ra, mo lù ú pọ̀, mo sì fi ìṣó dè é.

Nígbà tí ó pé, tí ìyàwó mi fúnra rẹ̀ ní òun ò fẹ́ kí wọ́n gbé èyí kúrò nílé, mo gbé e lọ sí Ìyànà Ìyẹsí.

Ìyá Ẹlẹ́wà rí mi lókèèrè. "O tún ti dé?"

"Mo ti dé, Mà. N ò ní kẹ́ ẹ rà á. Ẹ jẹ́ ká fi ìkòkò yín tó tóbi jù dán an wò ni."

"Kí n tún fi ẹ̀wà mi tọrẹ fún ilẹ̀?"

Mo sọ àpò tó wà léjìká mi kalẹ̀. "Ẹ̀wà tèmi ni, Mà. Bó bá dànù, èmi ló dànù mọ́ lọ́wọ́."

Ó wo àpò náà, ó wò mí, ó sì rọra ṣí ẹnu ìkòkò. A da ẹ̀wà sí i, a da omi sí i, mo ṣáná. Àsìkò tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pààrọ̀ ṣíìfù ni. Àwọn tó ń lọ dúró, àwọn tó ń bọ̀ dúró. Àwọn kan nínú wọn ti gbọ́ ìtàn ẹ̀wà àkọ́kọ́, wọ́n sì rọra sún sẹ́yìn. Ẹ̀wà hó. Iná náà ń jó ní búlúù díẹ̀díẹ̀, kò sí èéfín. Ìyá Ẹlẹ́wà mú ọmọrógùn, ó rò ó tagbára-tagbára, ojú rẹ̀ wà lára ẹsẹ̀ sítóòfù, kò wo ẹ̀wà rárá. Ẹsẹ̀ ò yẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ tì í. Kò mì. Lẹ́yìn náà ló mú hóró ẹ̀wà kan, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó sì jù ú sẹ́nu.

"Ó ti jinná," ló wí. Ó wá kọjú sí èrò, ó sì gbé ohùn sókè: "Ó ti jinná o! Ẹ wá jẹ ẹ̀wà Bàbá Onísítóòfù!"

Ariwo sọ. Mo tún dọ̀bálẹ̀ fún un lórí iyẹ̀pẹ̀ Ìyànà Ìyẹsí, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rín ló wà lẹ́nu mi, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Kò jẹ́ kí n gbé sítóòfù náà padà sílé. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn tó fẹ́ kí n ṣe tiwọn ti pọ̀ ju àwọn tí irin ọwọ́ mi lè tó fún.

Mo pàgọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìlagi kan ní ọ̀nà Ìdírókò. Mo wá àwọn tí wọ́n lé pẹ̀lú mi kúrò ní iléeṣẹ́ tánńganran kàn, a sì jọ ń lu irin. Òfin kan ṣoṣo ni mo ṣe fún wọn: sítóòfù kankan kò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé a ti se oúnjẹ ọ̀sán wa lórí rẹ̀. Àwọn oníbàárà tètè mọ̀, wọ́n sì máa ń fi oúnjẹ ọ̀sán wa yan ọjà. Wọ́n á bèèrè pé, "Èwo lẹ fi se tòní?"

Nígbà tó yá, irin tún wọlé sí iléeṣẹ́ náà. Ọ̀gá wa kò tilẹ̀ ránṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló wá. Ó dúró lẹ́nu àgọ́ wa, ariwo òòlù kò jẹ́ kí ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́ o. Ipò rẹ ṣì wà níbẹ̀."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn. Mo sọ fún un pé bí ọ̀kan nínú àwọn tó wà lọ́dọ̀ mi bá fẹ́ lọ, kó mú un lọ, n ò ní bínú. Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó dìde. Ẹnì kan nínú wọn bu iṣu gbígbóná sórí àwo, ó da epo sí i, ó sì gbé àga fún un. Ọ̀gá jókòó, ó jẹun tán, ó nu ọwọ́, ó sì bi mí pé ìgbà wo ni òun lè rí ọ̀kan gbé lọ fún ìyá àwọn ọmọ òun.