Orúkọ Tó Wà Lórí Rìsíìtì Ilẹ̀

Nígbà tí bàbá mi ra ilẹ̀ fún mi lọ́nà Èjìnrìn, orúkọ tí mo kórìíra ló ní kí wọ́n kọ sórí rìsíìtì. Orúkọ ìyá tó bí i lọ́mọ ni. Bàbá mi ló fún mi lọ́jọ́ ìkómọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọ sẹ́kọ́ńdìrì ní Ìkòròdú, àwọn ẹgbẹ́ mi ní orúkọ arúgbó ni, wọ́n sì sọ mí di ìyá àgbà. Ni mo bá pa á tì. Èyí tí ìyá mi fún mi ni mo ń kọ síbi gbogbo, títí dórí pásípọ́ọ̀tù. Bàbá mi ò yéé pe tirẹ̀. Bó bá pè é, mi ò ní dáhùn. Olórí kunkun ni mí, mi ò ní purọ́.

Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà nígbà tó kú. Lọ́dún kẹta ikú rẹ̀, ẹbí tó ta ilẹ̀ ní kí gbogbo ẹni tó rà á kó ìwé wá. Èyí tí ẹni tó ni ín ò bá yọjú, àwọn á tún un tà. Mo wá lọ́yà kan ní Agric, ní Ìkòròdú, pé kó bá mi ṣe ìwé àṣẹ, kí àbúrò mi lè dúró fún mi. Ó wo rìsíìtì, ó wo ẹ̀dà pásípọ́ọ̀tù, ó pè mí.

“Mà, ta ló ni orúkọ yìí?”

“Èmi ni.”

“Pásípọ́ọ̀tù yín ò sọ bẹ́ẹ̀ o. Ẹ wá ẹni tó wà níbi ìkómọ yín, kó lọ búra ní kóòtù.”

Inú bí mi. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé nínú wọn: ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ẹ̀pẹ́. Mo pè wọ́n, mo ṣàlàyé, mo bẹ̀ wọ́n. Àfi bí wọ́n ṣe pe orúkọ náà, gẹ́lẹ́ bí bàbá mi ṣe máa ń pè é. Dípò kí n dáhùn, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ọ̀rọ̀ lọ́yà.

“Mo ń pè ọ́. Ṣé kí n gbá Kùránì mú, kí n búra pé orúkọ rẹ ni, nígbà tí ìwọ fúnra rẹ ò jẹ́ ẹ? Orúkọ ìyá mi ni o.” Wọ́n tún pè é.

“Mà,” ni mo wí.

“Ẹn-ẹ́n. Màá lọ lọ́la.”

Wọ́n lọ lóòótọ́, wọ́n sì tẹ̀ka. Nígbà tí ìwé dé ọ̀dọ̀ mi fún ìfọwọ́sí, ó di dandan kí n kọ orúkọ méjèèjì. Ilẹ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí: bàbá mi ti lo ọdún mẹ́ta nínú sàréè kí n tó jẹ́ ìpè rẹ̀.