Fínnífínní Fẹ́ Ta Ṣọ́ọ̀bù Rẹ̀

Èmi ni mo pọn àbúrò mi yìí dàgbà, kò sì sí ẹni tó lè kọ́ mi ní ìwà rẹ̀. Alágbàfọ̀ ni. Fínnífínní ni àwọn oníbàárà ń pè é, nítorí pé bó bá lọ ṣòkòtò tán, ilà tó fà sí i lè gé ọṣẹ sí méjì. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Aránṣọ ni mí. Pátákó kan ṣoṣo ló là wá láàárín, nítorí náà gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni etí mi ń gbọ́, bí n kò tilẹ̀ fẹ́. Mo sì sábà máa ń fẹ́.

Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti kọ ìnàró. Ó fẹ́ ta ṣọ́ọ̀bù, kó fi owó rẹ̀ parí ilé kékeré tó ń kọ́, kó lọ sinmi. Ọkùnrin kan wá wò ó. Ó wo ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó wo àwọn áyọ́ọ̀nù àti tábìlì, ó wá dá iye kan tí kò lè kan òrùlé.

“Àwọn oníbàárà ńkọ́?” àbúrò mi bi í. “Ogún ọdún ni mo fi kó wọn jọ!”

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ ni wọ́n, ṣọ́ọ̀bù kọ́ ló ni wọ́n. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá lọ, wọ́n ti bá yín lọ nìyẹn. Ẹ̀rọ ni mo lè rà, mi ò lè ra orí yín.”

Inú bí àbúrò mi. Ó ní òun á ti ilẹ̀kùn pa, òun á kó ẹ̀rọ fún àwọn tó ń ra irin. Mo ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Èmi náà bínú sí ọkùnrin yẹn, mo tiẹ̀ bú u lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Òótọ́ ló sọ. Àbúrò mi kì í sààmì sí aṣọ. Láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀, kò so nǹkan kan mọ́ ọn: á kàn wo ṣẹ́ẹ̀tì, á sì rí ojú ẹni tó ni ín. Ó ń fi yangàn. Nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ gbé ṣòkòtò dẹ́rẹ́bà fún pásítọ̀, wọ́n gbé ti pásítọ̀ fún dẹ́rẹ́bà. Dẹ́rẹ́bà ní òun ò rí àṣìṣe kankan.

Mo sọ fún un pé, “Ìwọ gan-an ni wàhálà ṣọ́ọ̀bù yìí.”

“Èmi kẹ̀?”

“Ìwọ ni. Ta ló fẹ́ ra ilé tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò ẹlòmíràn?”

Ó bá mi yan odì fún ọjọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá tọrọ òwú lọ́wọ́ mi, gbogbo àwọ̀ tí mo ní. Ó fún ilé kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀. Wọ́n á rán an sábẹ́ kọ́là, kí ẹnikẹ́ni lè mọ aṣọ láìbéèrè. Ó kọ́ Ìyá Ìbejì, obìnrin tó ti ń bá a lọ aṣọ látijọ́, ní bí òun ṣe ń yọ àbààwọ́n àti bí òun ṣe ń tu oníbàárà tó ń bínú lójú. Ilé àlejò kan wà tó máa ń kó aṣọ ibùsùn wá, àbúrò mi nìkan ni máníjà ibẹ̀ sì ń bá sọ̀rọ̀. Ó mú Ìyá Ìbejì dání lọ síbẹ̀, ó jẹ́ kó sọ̀rọ̀, òun alára pa ẹnu mọ́. Ẹni tó bá mọ àbúrò mi á mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Nígbà tó yá, Ìyá Ìbejì ni máníjà ń pè, wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn ọdún kan lórúkọ ṣọ́ọ̀bù.

Èyí tó ṣòro jù ni pé kó má wá síbi iṣẹ́. Ojoojúmọ́ ló ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi, á ní òun wá kí mi, á lẹ etí mọ́ pátákó. “Áyọ́ọ̀nù yẹn ti gbóná jù,” á wí. Èmi á ní, “Jókòó, àbí kí n rán ọ mọ́ àga?”

Obìnrin kan tún wá wo ọjà náà. Oníṣòwò gidi ni, kì í bá èèyàn ṣàwàdà. Ó ní òun fẹ́ jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀, kí ẹni tó ni ín má sí níbẹ̀. Bí iṣẹ́ bá lọ, òun á san owó iṣẹ́ tó ń lọ. Bí kò bá lọ, owó irin lòun á san. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀yìn kọ́tìnì ṣọ́ọ̀bù mi ni àbúrò mi wà, ó ń làágùn.

Gbogbo nǹkan ń lọ déédéé, àfìgbà tí tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì wọlé. Ẹ̀rù bà mí. Bàbá yìí kì í jẹ́ kí ọwọ́ mìíràn yàtọ̀ sí ti àbúrò mi kan ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ó rò pé àbúrò mi ló máa lọ̀ ọ́. A gbọ́ ohùn rẹ̀: “Ta ló lọ eléyìí?”

Àbúrò mi dìde. Mo di ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀ mú.

“Èmi ni, bàbá,” Ìyá Ìbejì dáhùn. “Kí lẹ rí?”

A ń gbọ́ bí tíṣà ṣe ń tú aṣọ náà, tó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

“Kò burú,” ó wí níkẹyìn. “Ẹ bá mi fọ méjì yìí náà. Mo máa wá lọ́jọ́ Ẹtì.” Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Àbúrò mi jókòó wọ̀ọ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, kò béèrè mi.”

Mo wo ojú rẹ̀, omi ti kún un. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ pariwo, àánú rẹ̀ sì ṣe mí, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fi aṣọ tí mo ń rán nu ojú fún un. Aṣọ oníbàárà ni o, ẹ má sọ fún un.

Lọ́sàn-án, obìnrin náà ní kí wọ́n pe ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù. Mo tẹ̀lé àbúrò mi wọlé. Iye tí obìnrin náà dá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti ọkùnrin ìjọ́sí, ṣùgbọ́n kò tíì dìde.

“Ìbéèrè kan ló kù, bàbá. Tí mo bá rà á, ṣé àwọn oníbàárà yìí ò ní máa wá yín kiri?”

Mo rò pé yóò bẹ̀rẹ̀ ìtàn ogún ọdún fún un. Ó mọ̀ ọ́n sọ, ó sì ti sú mi í gbọ́. Àmọ́ ó nàró ṣánṣán lórí orúnkún burúkú yẹn, ó wo obìnrin náà lójú.

“Wọn ò ní wá mi,” ó wí. “Mo ti rí sí i.”

Obìnrin náà dìde, ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.