Ife Omi Tí A Gbé fún Káńsílọ̀

Àǹjọlá, ọmọ mi kejì, ṣì ń rá lọ́dún tí káńsílọ̀ wá kí wa. Ohun tí mo fi ń rántí ọdún náà nìyẹn, torí ìgbẹ́ gbuuru kò jẹ́ kó gbádùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ìsàlẹ̀ Agbowó níbí, ẹ bá kòtò oníkọnkéré mẹ́ta lẹ́bàá odò, ẹ sì rò pé ìjọba kàn rántí wa ni. Rárá o. Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló wà lókè. Nígbà tí kòtò ìgbẹ́ wọn kún, àwọn onílé fi páìpù darí ìdọ̀tí sínú gọ́tà tó ń ṣàn gba ẹ̀yìn kànga wa. Omi tí à ń fà di rírú, ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Èmi ni mo kọ lẹ́tà sí káńsù, torí wọ́n ní èmi ni mo ka ìwé mẹ́wàá. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Wọn ò dáhùn.

Ìbò kù díẹ̀ ni káńsílọ̀ wa ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá kí wa láàárọ̀ Sátidé ìmọ́tótó. Àwa obìnrin pàdé lẹ́yìnkùlé Ìyá Ràṣídà, ará Ṣakí, tó dàgbà jù nínú wa. Èmi ni mo dá àbá.

"Àlejò kì í wọlé ká má fún un lómi. Ẹ jẹ́ ká gbé omi kànga fún un. Tí kò bá mu ún, ó ti jẹ́wọ́ pé omi wa bàjẹ́ nìyẹn."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo gbọ́n lójú ara mi lọ́jọ́ náà.

Káńsílọ̀ dé tòun tàwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá Ràṣídà gbé ife fún un.

"Ọmọ mi, ẹ kú ìrìn. Omi rèé."

Ó wo inú ife, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ìyá yìí! Nílé tiwa, onílé ló ń kọ́kọ́ tọ́ omi wò kí àlejò tó mu ún. Àbí wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ṣakí?"

Ta ni kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é? Ìdajì àṣà ni mo rántí.

Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sílẹ̀."

"Kí wọ́n lè ní mo gbé májèlé fún àlejò?"

Ó mu ún dé ìdajì, ó sì na ìyókù sí i. "Ó kù sọ́wọ́ yín."

Káńsílọ̀ kó ọwọ́ sẹ́yìn. "Mo ń gbààwẹ̀ ni, mà."

Ẹnìkan kígbe láàárín wa: "Ààwẹ̀ wo? Ṣebí búrẹ́dì lẹ ń jẹ bọ̀ nínú mọ́tò!"

Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pàápàá rẹ́rìn-ín. Fóònù ti ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ti dé ibi gbogbo kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ká tó dìbò, káńsù ti gbẹ́ kòtò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì darí gọ́tà náà sínú wọn: ìdọ̀tí á silẹ̀ nínú àkọ́kọ́, omi á gba inú òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn kọjá kó tó dé odò. Kànga wa mọ́ díẹ̀díẹ̀. Inú Àǹjọlá san. Káńsílọ̀ ya fọ́tò níbẹ̀, ó sì tún wọlé ìbò.

Ṣùgbọ́n Ìyá Ràṣídà dùbúlẹ̀ àìsàn lọ́jọ́ kẹta tó mu omi náà. Ó ti ọsíbítù dé, àmọ́ ara ò padà bọ̀ sípò mọ́. Orí ẹní ló wà títí dòní. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Òun ló dà á, àwa là ń tẹ̀ ẹ́.

Láràárọ̀ ni mo ń gbé omi lọ fún un. Á ní, "Ìwọ alákọ̀wé, ṣé o ti tọ́ ọ wò?" Màá tọ́ ọ wò lójú rẹ̀, a ó jọ rẹ́rìn-ín.

Kòtò àkọ́kọ́ ti kún báyìí. Kò sẹ́ni tó wá kó ìdọ̀tí inú rẹ̀, lẹ́tà mi méjì sì wà ní káńsù. Lánàá, mo tọ́ omi wò lójú Ìyá, ahọ́n mi sì dá ẹyin tó bàjẹ́ ìjọ́sí mọ̀ nínú rẹ̀. Mo gbé ife náà jáde, mo dà á nù.

"Kí ló dé?" Ìyá bi mí láti orí ẹní.

Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà kẹta sí káńsù.