Ìgbà Kan Péré Ni Mo Rọ̀ Ọ́

Pọ́n-ùn mẹ́sàn-án ni wọ́n ń ta iṣu kan ní Powis Street nílùú òyìnbó níbí báyìí, iṣu tí kò gùn tó apá mi. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì ní Ìbàdàn, ṣílè méjì péré la fi ń ra èyí tí àwa mẹ́rin tá a jọ ń gbé yàrá kan máa jẹ lálẹ́, tá a tún máa fi ìyókù dín dùǹdú láàárọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá kan ilẹ̀kùn wa nígbà náà, a ó fà á wọlé. Bó bá ní òun ti yó, a ó tún rọ̀ ọ́. Bó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, a ó ti ọwọ́ rẹ̀ bọ inú abọ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tí wọ́n kọ́ nílé kì í gba oúnjẹ ní ìpè àkọ́kọ́.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Woolwich, pásítọ̀ béèrè ẹni tó máa gba àlejò kan sílé fún oúnjẹ ọ̀sán. Àlejò náà dìde: ọkùnrin bí ẹni ọgọ́ta ọdún, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé, tó ń gbé yàrá kan lẹ́bàá Yarnton Way. Mo ti nawọ́ sókè kí n tó rò ó. Ìyàwó mi, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi.

"Daddy, iṣu ẹni méjì ni mo bẹ sílẹ̀ o."

Ìsìn pẹ́, bọ́ọ̀sì náà pẹ́. Aago mẹ́ta ti kọjá ká tó dé ilé wa ní Thamesmead. Nígbà tí ìyàwó mi se oúnjẹ tán, ó gbé iṣu àti ẹyin sórí tábìlì, ó sì padà lọ mú abọ́ kẹta. Mo ka iṣu náà: ègé mẹ́fà.

"Ẹ súnmọ́ tábìlì, ẹ wá bá wa jẹun," ni mo wí.

"Á gba ibi ire, Daddy. Mo ti jẹun."

Kí n má parọ́, ara tù mí. Mo mú fọ́ọ̀kì mi.

"Ṣé ẹ tún rọ̀ wọ́n?" ìyàwó mi béèrè nígbà tó dé.

"Wọ́n ní àwọn ti yó."

Èmi àti ìyàwó mi jẹ ègé méjì-méjì. Mo rí i pé òógùn ń bo iwájú orí àlejò náà, bẹ́ẹ̀ òtútù mú. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ń dáhùn ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi í. Ìyàwó mi fò dìde.

"Brother, ṣé ẹ ní àìsàn ṣúgà?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ìgbà wo lẹ gún abẹ́rẹ́ yín?"

"Kí n tó... ṣọ́ọ̀ṣì."

"Kí lẹ wá jẹ?"

Orí rẹ̀ ṣubú sí àyà.

"Daddy! Ṣúgà ara wọn ti lọ sílẹ̀ jù! Ẹ sáré mú ṣúgà wá!"

Ìdérí agolo ṣúgà kọ̀ láti ṣí lọ́wọ́ mi. Ìyàwó mi já a gbà, ó po ṣúgà mọ́ omi, ó ń rọ ọ́ sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. "Ẹ gbé e mì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e mì." Mo pe áńbúláǹsì. Ọmọbìnrin orí fóònù bi mí bóyá ó ń mí. Ègé iṣu méjì tó kù nínú abọ́ ni mo ń wò.

Ó gbé e mì. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó la ojú, ó wò mí.

"Daddy, ìgbà kan péré lẹ rọ̀ mí. Ìkejì ni mò ń dúró dè."

"Ẹ fẹ́ kú sílé onílé nítorí ìtìjú!" ìyàwó mi pariwo. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi.

Ìṣojú àwọn òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì ni àlejò náà ti jẹ ègé méjì yẹn.

Ó ṣì ń wá lọ́jọ́ Sunday. Ìgbà mẹ́ta ni mo máa ń rọ̀ ọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì máa ń kọ̀. Nínú àwa mẹ́rin inú yàrá Ìbàdàn yẹn, èmi nìkan ló kù. Nínú àwa mẹ́ta tá a wà nídìí tábìlì lọ́jọ́ náà, ìyàwó mi ti sùn nínú Olúwa lọ́dún tó kọjá. Èmi ṣì wà. Àlejò náà ṣì wà.